Orúkọ Ìlú Wa àti Ohun Tí Ó Ń Sọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìjọ sọ ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún jùbílì, ní Boni, Ṣábẹ

  Àwọn tí ó ṣètò ọ̀sẹ̀ yìí ní kí olúkúlùkù wá sọ ìtàn. Àwọn kan yóò sọ ti ilé ìjọsìn, àwọn kan yóò sọ ti ẹgbẹ́ akọrin àti ti àwọn ìyá. Àwa mú ohun kan wá tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ tí a kì í sì í ronú sí: orúkọ ìlú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ayé lásán ni. Àwọn tí ó kọ Ìwé Mímọ́ kò fi orúkọ ibì kan ṣeré. Nígbà tí Jékọ́bù jí lójú oorun tí ó fi rí àkàsọ̀ àti àwọn áńgẹ́lì, ó da òróró sórí òkúta tí ó fi ṣe ìrọ̀rí, ó sì sọ ibẹ̀ ní Bẹ́tẹ́lì, ilé Ọlọ́run. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò sì fi pamọ́ pé Lúsì ni ìlú náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Jòhánù Mímọ́ dá ìtàn ọkùnrin afọ́jú dúró díẹ̀ láti sọ fún wa pé ìtumọ̀ Sílóámù ni ‘ẹni tí a rán’. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe túmọ̀ Gọ́lgọ́tà pẹ̀lú. Bí àwọn ajíhìnrere bá rí i pé ó yẹ kí a túmọ̀ orúkọ ibì kan fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, àwa náà kò ṣe àṣejù bí a bá béèrè ohun tí Ṣábẹ, Ìdáàṣà àti Kétu ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ọmọ wa kan bá dé Kútọ́nú, tí wọ́n bi í pé níbo ni ó ti wá, ‘Savè’ ni yóò fi dáhùn. Orúkọ yìí ni ó wà lórí àwòrán ilẹ̀, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, lórí ìwé ìbí àti lórí káàdì ìdánimọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó ń ki ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ní pe ìlú yìí ní Savè. Ṣábẹ ni yóò pè é; bí orí rẹ̀ bá sì wú, yóò ní Ṣábẹ Ọ̀pàrà. Ẹnu ìbílẹ̀ wa tilẹ̀ máa ń fi ohùn kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ó le ju ‘ṣ’ ti Ọ̀yọ́ lọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ èdè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe ń fi lẹ́tà ‘c’ kọ ọ́, tí wọ́n ń pe èdè wa ní Cabɛ.

Báwo ni Ṣábẹ ṣe wá di Savè? Etíkun ni àwọn Faransé ti gòkè wá. Wọ́n ti kọ́kọ́ mọ Ouidah, Kútọ́nú àti Agbómè kí wọ́n tó mọ òkè tiwa, àwọn tí ń gbọ́ Fọ̀n ni ó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn lọ́nà. Èdè Fọ̀n kò ní ohùn ‘ṣ’. Ẹni tí èdè rẹ̀ kò bá ní i yóò fi ‘s’ rọ́pò rẹ̀. Savɛ ni àwọn Fọ̀n ń pè wá títí di òní. Ó jọ pé etí méjì ni orúkọ wa kọjá: etí aládùúgbò ni ó kọ́kọ́ gbà á, kálàmù òyìnbó ni ó sì parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ìkà nínú. Aládùúgbò ń pe orúkọ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n pè, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe sí orúkọ tiwọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí a ronú sí: ìwé gba orúkọ tí ó kọjá etí méjì, ilé ẹ̀kọ́ gbà á lọ́wọ́ ìwé, àwọn ọmọ wa sì gbà á lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, títí tí èyí tí ó wà lẹ́nu ìyá wọn fi wá dà bí àṣìpè.

Bẹ́ẹ̀ orúkọ náà ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, Oníṣábẹ wà láàárín àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà tí ó pín ogún rẹ̀. Ọba Ìbíní gba owó, Ọ̀ràngún gba àwọn aya, Alákétu gba adé, Oníṣábẹ gba ẹran ọ̀sìn. Nígbà tí ohun gbogbo tán, ilẹ̀ ni ó kù fún Ọ̀rányàn. Bóyá ìpín yìí dùn mọ́ wa tàbí kò dùn mọ́ wa, ọkùnrin tí ó kọ ọ́ jókòó sí Ọ̀yọ́, ó sì pe orúkọ wa bí a ti ń pè é nílé.

Àwọn òkè wa náà kò bọ́ lọ́wọ́ àtúnsọ. Orúkọ tí àwọn Faransé kọ fún wọn sórí àwòrán ilẹ̀ ni ‘Mamelles de Savè’, èyí ni Ọyàn Ṣábẹ. Ẹni tí ó bá wo àpáta náà láti ojú títì kò ní bá wọn jà. Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àlejò ti rí ọyàn, ibi ìsápamọ́sí ni àwọn baba ńlá wa rí nígbà tí ogun Dáhòmè ń kó ènìyàn. Orúkọ kan ń sọ bí ibẹ̀ ṣe rí lójú, òmíràn ń sọ ohun tí ibẹ̀ ṣe fún ènìyàn. Láti ọdún 1999, tí ìjọba pín ẹkùn Zou sí méjì, ‘Collines’ ni orúkọ ẹkùn tiwa, èyí tí í ṣe àwọn òkè. Orúkọ náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Faransé ni a fi sọ ọ́.

Odò Ọ̀pàrà tí ó wà nínú oríkì wa ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ ó rí i lórí àwòrán ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ‘Okpara’. Àwọn kan rò pé odò méjì ni. Odò kan ṣoṣo ni. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sínú ìwé ní ìhà ọ̀hún fi lẹ́tà ‘p’ nìkan dúró fún ohùn tí ètè àti ọ̀nà ọ̀fun jọ ń gbé jáde. Ní ìhà tiwa, ‘kp’ ni a fi ń kọ ọ́. Odò náà ń ṣàn lọ sínú odò Ouémé, ó sì jẹ́ ààlà láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ní apá kan. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ní ọdún 1889, wọn kò pín ilẹ̀ nìkan, wọ́n pín ọ̀nà ìkọ̀wé pẹ̀lú. Ìlárá wà ní ìhà méjèèjì. Ìyàtọ̀ lẹ́tà ti mú kí àwọn ọmọ ìyá kan náà máa wo ara wọn bí àjèjì nínú ìwé, nígbà tí ẹnu wọn ṣì jẹ́ ọ̀kan lọ́jà.

Ní ti Boni yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ìtàn Ṣábẹ kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdílé ọba wa so orírun rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Bàrìbá ní àríwá. Àwọn Bàrìbá máa ń sọ ọmọ lórúkọ gẹ́gẹ́ bí a ti bí i tẹ̀lé ara wọn: Wóórù ni ọmọkùnrin àkọ́kọ́, Sábì ni ìkejì, Bíò ni ìkẹta, Boni sì ni ìkẹrin. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sáré sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Àlàyé orúkọ àdúgbò jẹ́ ti àwọn tí ilé wọn wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n jókòó síwájú wa báyìí. Àwọn ni a ń fẹ́ gbọ́, bí a ó ti wí láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Ìdáàṣà, ibùjókòó Bíṣọ́ọ̀bù wa láti ọdún 1995 tí a ti dá díósíìsì náà sílẹ̀. Dassa-Zoumé ni ìwé ń pè é. ‘Dassa’ ni ohun tí ó kù nígbà tí wọ́n bọ́ ‘ì’ iwájú rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì sọ ‘ṣ’ rẹ̀ di ‘s’. Àrùn Ṣábẹ náà ni ó ṣe é. ‘Zoumé’ ńkọ́? Èdè Fọ̀n ni: inú igbó. Igbó Ìdáàṣà ni a ń pè é nílé, èyí ni pé Fọ̀n gbọ́ ìtumọ̀ ‘igbó’, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà túmọ̀ Ìdáàṣà, ó fi í sílẹ̀. Ìdajì orúkọ ni a túmọ̀, ìdajì ni a gbé bí ẹrù.

Ìjọ Mímọ́ ṣe ohun kan ní Ìdáàṣà tí ó wú wa lórí. Ihò àpáta tí a ń lọ bẹ Ìyá wa Màríà wò nínú oṣù Ògọ́sítì, tí ìrìnàjò mímọ́ ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, Arigbo ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ìbá ti fi orúkọ ìlú òyìnbó kan pe é, bí a ti ń rí i níbi púpọ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá wa ti Arigbo ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń pè é, láti Kútọ́nú dé Parakou, àwọn tí kò gbọ́ Ìdáàṣà rárá sì ń fi orúkọ àpáta Ìdáàṣà gbàdúrà.

Ní Kétu, ìtumọ̀ orúkọ jẹ́ àlọ́ olóye. Àwọn àgbà ibẹ̀ so ó mọ́ ìbéèrè kan: ta ni ó lè tú iké ẹ̀yìn abuké? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè tú u, ta ni yóò tú ìlú? Ó jẹ́ orúkọ àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé odi wọn, ẹnubodè Àkàbà Ìdèénà sì wà níbẹ̀ títí di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ogun Dáhòmè tú ìlú náà ní ọdún 1886. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dáhòmè ni àwọn ọmọ Kétu padà wá tún un kọ́, wọn kò sì torí èyí pààrọ̀ orúkọ. Àwọn onímọ̀ kan máa ń fojú kéré irú àlàyé báyìí, pé àwọn ènìyàn kàn gé orúkọ sí wẹ́wẹ́ láti fi wá ìtumọ̀ fún un ni. Òtítọ́ ni pé a lè gé orúkọ títí yóò fi sọ ohunkóhun tí a bá fẹ́. Síbẹ̀, bí àlàyé Kétu kò bá tilẹ̀ sọ bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sọ ohun tí àwọn Kétu rò nípa ara wọn, ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ ìtàn.

Àwọn mìíràn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ikpinlè tí ó wà ní ìhà Adja-Ouèrè kò fara pamọ́ fún ẹni tí ó mọ ohun tí ìpínlẹ̀ jẹ́. Ìdí-Ìrókò ń sọ ti ara rẹ̀. Abẹ́òkúta ni ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá wá sí ní ọdún 1830, lábẹ́ òkúta Olúmọ. Ìbàdàn ni ẹ̀bá ọ̀dàn. Lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n, Agbómè ni inú odi, Kútọ́nú sì ni ẹnu odò ikú, orúkọ tí ó lè dẹ́rù ba ẹni tí ó fẹ́ lọ wá iṣẹ́ níbẹ̀. Ìlú Porto-Novo ní orúkọ mẹ́ta: Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ Yorùbá, Hogbonu lọ́dọ̀ Gùn, àti èyí tí àwọn Pọtogí fi sílẹ̀, tí ó túmọ̀ sí èbúté tuntun. Orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀, tí ó ń jẹ́ Dahomey, gba orúkọ Bénin ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975. Láti ara òkun tí ó wà níwájú wa ni a ti yá a, òkun náà sì ti yá a lọ́wọ́ ìjọba Ìbíní tí ó wà ní Nàìjíríà. Orúkọ ń rìn jìnnà.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àwa ènìyàn dúdú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí a rìn dé orílẹ̀-èdè kan tí Ìjọ wa ti rí àǹfààní lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà SMA, tí Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1856, tí àwọn ọmọ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1861, ni ó gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ wa. Ní ìhà tiwa, Faransé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, ọmọ Írẹ́lándì ni púpọ̀ wọn. Richard Finn, Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan. Láti ọdún 1912 tí wọ́n ti ní ẹ̀ka tiwọn, ìlú Cork ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ ọ́ ní Cork. Corcaigh ni orúkọ rẹ̀ lédè ìbílẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni irà, ilẹ̀ àbàtà.

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ Írẹ́lándì, a ó rí àìmọye ìlú tí ó fi ‘Kil’ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan yé kò ní rí ohun kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘cill’ ni ọ̀rọ̀ náà ní púpọ̀ nínú wọn, ilé ìjọsìn sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kildare ni Cill Dara, ilé ìjọsìn igi óákù, níbi tí Bríjíìdì Mímọ́ dá ilé àwọn obìnrin olùfọkànsìn sílẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdí-Ìrókò, ẹ ó rí i pé igi ńlá ni ènìyàn fi ń mọ ilé níbi gbogbo.

Ní ọdún 1824, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn ọmọ ogun láti wọn gbogbo ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì yà á sínú ìwé. Abúlé àti oko tí ó ju ẹgbàá lọ́nà ọgbọ̀n lọ ni ó ní orúkọ, lédè tí àwọn ọmọ ogun náà kò gbọ́. Ní ọdún 1830 wọ́n gba ọmọ ilẹ̀ náà kan síṣẹ́, John O’Donovan. Ó ń rìn láti àgbègbè dé àgbègbè, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó, ó ń ní kí wọ́n pe orúkọ ibùgbé wọn kí òun gbọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu wọn. Orúkọ tí a gé mọ́ ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba tẹ̀ sórí àwòrán. Ṣùgbọ́n ìwé O’Donovan kò sọnù. Nígbà tí ebi ńlá ọdún 1845 títí dé 1852 pa àwọn ènìyàn, tí ó sì lé àwọn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí bá a lọ. Ìwé náà ni ó kù tí àwọn onímọ̀ ń ṣí títí di òní láti mọ ohun tí orúkọ ibì kan jẹ́ kí a tó gé e. Ìdí nìyí tí a fi gùn lórí ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tún orúkọ kan ṣe. Èbúté tí wọ́n ti sọ ní Queenstown nítorí pé ọbabìnrin Victoria wá síbẹ̀ ní ọdún 1849 di Cobh ní ọdún 1920. Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Cobh kò ní ìtumọ̀ kan nínú èdè Írẹ́lándì. ‘Cove’ ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi lẹ́tà ilé kọ. Ẹni tí ó bá ń kánjú tún orúkọ ṣe lè fi aṣọ ìbílẹ̀ wọ àjèjì. Dingle burú ju èyí lọ. Ní ọdún 2005 ìjọba pàṣẹ pé An Daingean nìkan ni kí a máa kọ sí ojú pátákó ìlú náà. Àwọn ará ìlú, tí owó àwọn arìnrìnàjò ń bọ́, kọ̀. Wọ́n dìbò ní ọdún 2006 pé orúkọ méjèèjì ni àwọn ń fẹ́, òfin sì gbà fún wọn ní ọdún 2011.

Nítorí náà, a kò wá síbí láti ní kí a lọ ha Savè kúrò lójú pátákó. Ọmọ tí a kọ ìlú rẹ̀ ní ọ̀nà kan lórí ìwé ìbí, tí a tún kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn lórí káàdì, yóò mọ ìyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, a kò sì fẹ́ dá kún ìyà ẹnikẹ́ni. Kí orúkọ ìwé máa jẹ́ orúkọ ìwé. Ohun tí a ń bẹ̀ fún ni pé kí orúkọ ilé má kú.

Kì í sì í ṣe Ṣábẹ ni ó ń kú lọ. Ìlú ńlá kì í ṣòro rántí. Àwọn odò kéékèèké tí ó ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àpáta tí kò ga tó kí òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀, ahoro tí àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò, oko àwọn baba wa, ìkóríta tí ó ní ìtàn: orúkọ wọn wà lórí ahọ́n àwọn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí níbòmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí a bá sin irú wọn kan, a ń sin orúkọ bí mélòó kan mọ́ ọn. Àwọn ìwé ìrìbọmi Ìjọ lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí àwọn àlùfáà àtijọ́ máa ń kọ abúlé tí ọmọ ti wá bí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn nínú wọn, kò sì sí ìtumọ̀.

A ti bẹ Fàdá wa, wọ́n sì ti gbà, pé kí kátẹ́kísì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan fún iṣẹ́ yìí. Kí ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù gba ohùn àgbà sílẹ̀ bí ó ti ń pe orúkọ náà, nítorí ‘ṣ’ àti ‘s’ kò jọ ara wọn létí. Kí a kọ orúkọ ibẹ̀, ìtumọ̀ tí àgbà fún un, orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ilé méjì bá sọ ìtumọ̀ méjì, kí a kọ méjèèjì, kí a má ṣe dájọ́. Ìwé ti Boni wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn sákírísítì báyìí, a ti fa ìlà sí i. Ẹ̀yin baba àti ìyá tí ilé yín wà ní Boni, a bẹ̀ yín, kí ẹ tó lọ sídìí oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀, kí ẹ sọ ti Boni fún wa.